Ẹlẹ́ṣin tó Wé Láwàní Bojú

Orúkọ ẹṣin kan ni Titus fi ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Adébísí gbọ́ ọ láti ìdí sítóòfù tó ti ń po ògì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí ṣíbí.

“Rọra, Ìjì Àárọ̀. Rọra, ilé ò jìnnà mọ́.”

Ohun tí àna rẹ̀ ń sọ nìyẹn, tó ń mi ọmọ jẹ́jẹ́ léjìká, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú pálọ̀ ilé wọn ní Copperfield, ní ìlú Calgary. Kò sí nǹkan kan tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀rò Èkìtì ni Titus. Kò dé Ìjẹ̀bú-Òde rí, kò sì bá bàbá ìyàwó rẹ̀ láyé. Ìjì Àárọ̀ ni orúkọ ẹṣin tí ọkọ Adébísí gùn lọ sí Ojúde Ọba lọ́dún tó kú. Bó ṣe máa ń bá ẹṣin náà sọ̀rọ̀ nìyẹn tí wọ́n bá ń darí bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ kan náà, ní ohùn ìsàlẹ̀ kan náà.

“Titus, níbo lo ti gbọ́ èyí?”

“Èwo, Mọ́mì? Ìjì Àárọ̀? Ẹlẹ́ṣin kan níbi iṣẹ́ wa ló máa ń pe ẹṣin rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ti mọ́ mi lẹ́nu ni.”

“Ṣé ọmọ Nàìjíríà ni?”

“Ó ní Morocco lòun ti wá. Èèyàn dúdú pọ̀ níbẹ̀ náà. But it's funny, ẹṣin yẹn nìkan ló máa ń bá sọ Yorùbá. Tí èmi bá sọ Yorùbá sí i, á wò mí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.”

Adébísí pa iná sítóòfù. Ògì ti dì, kò sì mọ̀.

Ọdún tí ọjà epo rọ̀bì dẹnu kọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Calgary ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn ewé lára igi. Ẹnjiníà ni Titus, wọ́n sì dá òun náà dúró. Ó jókòó sílé títí ilé fi sú u, kó tó ríṣẹ́ ní oko kan ní gúúsù ìlú, níbi tí ará Morocco kan ti ń sin ẹṣin. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọkùnrin yìí á ta àgọ́ ńlá, àwọn àlejò á wá jẹ oúnjẹ Morocco, wọ́n á sì wo àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń fi eré yìnbọn. Titus ló ń fún àwọn ẹṣin lóúnjẹ, òun ló ń kó ìgbẹ́ wọn.

“Ṣé o lè mú mi lọ wò wọ́n?” Adébísí bi í léèrè.

Inú Titus dùn. Láti ìgbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ti dé láti Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ̀ ní gbogbo Calgary.

Ó ti lé lógún ọdún tí ọkọ Adébísí kú. Adéògún ni orúkọ rẹ̀, ìdílé ẹlẹ́ṣin ló sì ti wá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ojúde Ọba náà, Adébísí se ìrẹsì àti ẹja dídín kalẹ̀ fún un, kó tó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ọkọ rẹ̀ jẹun, ó gẹṣin, ó dé ojúde, ìbọn dún, ó sì ṣubú. Wọ́n ti sin ín kí ìyàwó tó dé. Kò rí òkú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ní nǹkan kan wà nínú ìrẹsì yẹn. Wọn ò nà án, wọn ò pe ọlọ́pàá sí i. Wọ́n kàn gba ọmọ rẹ̀ lọ ni. Bùsọ́lá, tó ń fẹ́ Titus báyìí, ò tíì jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ilé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló gbé títí ó fi wọ yunifásítì.

Bùsọ́lá ò ya ọmọkọ́mọ. Ó di nọ́ọ̀sì, ó dé Canada, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù déédéé, òun náà ló sì ní kí ìyá wá nígbà tó bímọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà láàárín wọn bíi gíláàsì fèrèsé, wọ́n ń rí ara wọn, ọwọ́ ò kan ọwọ́. Kò bi ìyá rẹ̀ ní ohun kankan nípa bàbá rẹ̀ rí. Adébísí pẹ̀lú kò sì mọ ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ tó gbọ́ orúkọ ẹṣin náà, kò fojú ba oorun. Ó rántí ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ fún un nígbà tó wà léwe, pé ẹni tó kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kì í lọ tààrà. Á lọ jókòó sí ìlú tó jìnnà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dá a mọ̀, á máa ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, á sì máa jẹ ìyókù ọjọ́ rẹ̀. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fi ẹnu pè é, ibẹ̀ ló parí sí.

Nígbà tí Sátidé pé, wọ́n gbé ọmọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé basement wọn, Bùsọ́lá sì fọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ. Titus ti bá ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀. Snow díẹ̀ ti bọ́ lánàá, ó sì funfun lẹ́bàá ọ̀nà. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè. Nígbà tí wọ́n wọnú àgọ́, ooru iná àti òórùn ẹran àgùntàn pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Rọ́ọ̀gì pupa ni wọ́n tẹ́ kálẹ̀. Tábìlì kúkúrú ló wà níbẹ̀, tìmùtìmù sì yí i ká. Obìnrin kan gbé abọ́ wá, ó ń da omi sí àwọn àlejò lọ́wọ́ láti inú kẹ́tù ẹlẹ́nu gígùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ tí ọmọrí rẹ̀ rí ṣóńṣó wá. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ooru bò wọ́n lójú. Kúskùsì, oúnjẹ àlìkámà wẹ́wẹ́ wọn, wà níbẹ̀, àti ẹran tí wọ́n fi èso dídùn sè, àti dàbínù nínú àwo kékeré.

“Mọ́mì, ẹ jẹun now,” Bùsọ́lá wí. “Ẹ ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Mò ń jẹ ẹ́.”

Ìlù kan dún níta, gbogbo èèyàn sì jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Àwọn ẹlẹ́ṣin náà tò ní ìbú lápá òkè pápá, nínú jalábíà funfun, ìbọn gígùn lọ́wọ́ wọn. Olórí wọn ké, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ilẹ̀ mì débi pé Adébísí gbọ́ ọ nínú eyín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ àwọn tó ń wòran, gbogbo wọn dìde dúró lórí gàárì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì yìnbọn. Ó dún bí ìbọn kan ṣoṣo. Òórùn ẹ̀tù gba inú òtútù kọjá, àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó wà ní ìkángun lápá òsì wé láwàní bojú, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn. Ọwọ́ òsì ló fi di ìbọn mú. Ó gbé èjìká ọ̀tún sókè díẹ̀, bíi pé nǹkan ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Adébísí ti rán aṣọ fún èjìká yẹn rí, ó mọ bó ṣe máa ń fa aṣọ sókè. Ọkùnrin náà tẹ̀ sí etí ẹṣin rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Nígbà náà ni Adébísí rí i pé èémí àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù ń rú bí èéfín nínú òtútù, ti àwọn ẹṣin náà ń rú. Ti ọkùnrin yìí kò rú.

Orúkọ náà dé ètè rẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù ò bà á. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bóun bá pè é, òun á rí i tó lọ, òun ò sì ní gbọ́ ohun tóun fẹ́ gbọ́ láti ogún ọdún. Ó wo Titus tó ń fa ẹṣin kan kọjá, ó sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Lọ sọ fún ẹlẹ́ṣin rẹ yẹn pé Adébísí wà níbí. Sọ fún un pé n kò ní pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ sì gbọ́ ọ.”

“Ọmọ ta ni, Mọ́mì?”

“Ṣáà sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Wọ́n padà sínú àgọ́ láti mu tíì. Adébísí di ọrùn ọwọ́ Bùsọ́lá mú lábẹ́ tábìlì.

“Ẹnì kan ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó o bá gbọ́, má pè é rárá. Ṣé o gbọ́ mi?”

“Mọ́mì, ọwọ́ yín tutù. What's going on?”

Kí ìyá tó dáhùn, ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ ní ìkángun tábìlì, ó gbé kẹ́tù tíì dání. Wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé kẹ́tù sókè, ó ń da tíì sínú ife láti òkè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀, òórùn ewé míǹtì sì gba ojú wọn. Kò gbé ojú sókè.

“Bísí,” ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju ohùn ẹni tó ń bá ọmọ tó sùn sọ̀rọ̀ lọ. “O ti darúgbó.”

“Ẹ̀yin ò darúgbó.”

Bùsọ́lá yíjú láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì.

“Wọ́n ní èmi ni mo pa yín,” Adébísí wí. “Wọ́n ní nǹkan wà nínú oúnjẹ.”

“Mo mọ̀. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mi ò ní ohùn tí wọ́n lè gbọ́ mọ́.” Tíì ṣì ń dà, tẹ́ẹ́rẹ́, kò dúró. “Àyà mi ló dá dúró, Bísí. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Iléyá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti kú lórí ẹṣin kí n tó balẹ̀. Ìrẹsì yẹn dùn. Bí mo bá ní agbára ni, ǹ bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.”

Ó gbé ojú sókè, ó sì fa láwàní sílẹ̀ kúrò lójú. Ọkùnrin tó wò wọ́n kò ju Titus lọ lọ́jọ́ orí.

“Ìwọ ńkọ́,” ó bi ọmọ rẹ̀. “Ṣé o gbọ́?”

Bùsọ́lá mi orí pé òun gbọ́. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i tó ń gbìyànjú, tó fi eyín di ètè mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nínú rẹ̀ jù.

“Dádì,” ó wí.

Ìró tíì dá. Kẹ́tù náà wà lórí tábìlì, ife kún dé ẹnu, kò sì sí ẹnì kankan níkángun tábìlì. Àwọn àlejò tó wà nítòsí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹ dàbínù. Kò sẹ́ni tó yíjú wò. Níta, ẹṣin kan yán lẹ́ẹ̀kan.

“Mo pè é,” Bùsọ́lá wí. “Mọ́mì, ẹ ní kí n má pè é.”

“Ó mọ̀ pé o máa pè é. Ìyẹn ló ṣe fa láwàní kúrò lójú.”

Wọ́n ń lọ sí ìdí ọkọ̀ nígbà tí obìnrin tó da omi sí wọn lọ́wọ́ sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rù mìíràn ba Adébísí, nítorí ó rí bí obìnrin náà ṣe wo ibi tí ẹṣin Adéògún ti dúró, ó sì mọ̀ pé ìyàwó tó fẹ́ níbí ni. Obìnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ béèrè pé, “Ṣé ó ti lọ?”

“Ó ti lọ,” Adébísí wí. “Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

“Mi ò bínú. Ó ní bí ẹ bá wá, òun ò ní sá.” Obìnrin náà nu ojú rẹ̀ nù. Ó wo àwọn àlejò tó ń jáde látinú àgọ́, ó wò wọ́n fínnífínní, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ dákun, ṣé ẹ gbọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ní Meknes, ìlú mi ní Morocco, lòun ti wá?”

“Rárá. N kò gbọ́.”

“Ibí yìí jìnnà dáadáa nígbà tí a kọ́kọ́ dé,” obìnrin náà wí, ó sì fa ìbòrí bo ẹnu rẹ̀. “Nísinsìnyí, láti ibi gbogbo ni wọ́n ń wá.”

Ó padà sínú àgọ́. Adébísí dúró lójú kan títí Titus fi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Kò bi obìnrin náà pé mélòó ni irú wọn tó wà nínú oko yẹn. Kò fẹ́ mọ̀.

Titus ló wakọ̀. Bùsọ́lá kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn ló wọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Iná Calgary ti ń hàn níwájú. Adébísí mí kanlẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu bí èémí náà ṣe gùn tó, àfi bí ẹni tó ti ń mí láàbọ̀ láàbọ̀ láti ogún ọdún.

“Wọ́n sọ fún mi pé kí n má fọkàn tán yín,” Bùsọ́lá wí. “Mi ò gbà á gbọ́. Àmọ́ mi ò ṣàìgbà á gbọ́ náà. Ẹ má bínú, Mọ́mì.”

“Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Ó ti tán.”

Bùsọ́lá gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀.

“Báwo lẹ̀yin àti Dádì ṣe pàdé?”

Adébísí rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹṣin rẹ̀ ló jẹ gèlè mi.”

“Kí ló ṣe?”

“Ó jẹ gèlè mi lórí mi. Tuntun ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Mò ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí àwọn ẹlẹ́ṣin kọjá...”

Titus rí ibi tó yẹ kó ti yà sí Copperfield. Ó wo àwọn méjèèjì nínú dígí, kò sì yà.