Mummy Ọpẹ́ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Mí

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá sọ fún Kúnbi, aránṣọ ní Ìkòsí ní Kòsọ́fẹ́, pé irin já lu Ọpẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Owódé Onírin, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, ó sì ti kú. Ọmọ ogún ọdún ni.

Àwọn aládùúgbò yí i ká. Wọ́n ní kó má sunkún, kó má baà tún rí òmíràn. Wọ́n gbé òkú lọ sí Abẹ́òkúta, wọn ò jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Mummy Ọpẹ́ mọ́. Aunty Kúnbi ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kò bímọ rí.

Kúnbi gbọ́ràn, kò sunkún. Àmọ́ àyà ń fún un, èémí rẹ̀ ò délẹ̀, oorun sì sá. Ó lọ ra oògùn oorun láìrí dókítà. Ẹyọ kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mẹ́ta kò tó mọ́. Lọ́jọ́ kan, Faridah, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, jí i jí i kó tó lajú. Òun ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ṣàlàyé bí yóò ṣe máa dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, torí ewu ni kéèyàn dá a dúró lójijì. Ó tún ní kó lọ bá Nọ́ọ̀sì Damaris, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní yógà, ìdárayá àti mímí jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti Íńdíà wá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn.

Kúnbi rí àwọn obìnrin mẹ́fà tí wọ́n kúnlẹ̀ sórí ẹní. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o. Ṣé kì í ṣe òrìṣà àwọn ará Íńdíà lẹ ń bọ níbí?"

"Orúnkún wọn ni wọ́n ń bẹ̀ kó rọ̀, Mummy. Èémí tí Ọlọ́run fún yín náà ni, ẹ kàn fẹ́ mí in jẹ́ẹ́jẹ́ ni."

Damaris ní kó fa èémí sínú títí dé ikùn, kó ka mẹ́rin; kó tú u jáde, kó ka mẹ́fà. Kó má fipá na ibi tó bá ń dùn ún. Bí ọkàn bá sá lọ, kó má bá a jà, kó rọra dá a padà. Nígbà kẹta tó tú èémí jáde ni ẹkún bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ń wá ohun tó máa fi bojú.

"Ẹ má bojú," ni Damaris wí. "Kí lorúkọ ọmọ náà?"

"Ọpẹ́." Oṣù mẹ́rin rèé tó ti dárúkọ yẹn kẹ́yìn.

"Mummy Ọpẹ́, a ò wá síbí láti gbàgbé Ọpẹ́. Yógà ò lè jí i. Ó kàn lè jẹ́ kí ara yín gba ẹkún náà láìfọ́ ni."

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Ó ṣì ń dun Kúnbi, inú ṣì ń bí i sí àwọn tó pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, kò sì lo oògùn oorun mọ́.

Ẹ̀yin ará Kòsọ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sunkún. Ẹ má lo oògùn oorun láìrí dókítà. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ ṣe ìdárayá jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ sì mí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ipò oògùn tí dókítà kọ fún yín. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ikú bá ń wù yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Sátidé tó kọjá ni ọjọ́ ìbí Ọpẹ́. Kúnbi rán ìrọ̀rí kékeré kan, ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó sì fi í sábẹ́ orúnkún Modinat, tí ọmọ tirẹ̀ kú lóṣù tó kọjá.