Ọta Fúyẹ́, Irọ́ Wúwo

"Bàbá, ó ń bọ̀ o!"

Kí Abẹ́rẹ́ tó pa ẹnu dé, ìmàdò ti já jáde láàárín àgbàdo, gìdìgìdì, bí ọlọ́pàá tó rí olè. Tanímọ̀la, ajá wọn, fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ìmàdò kàn gbé orí sókè báyìí, fàà! Ehín rẹ̀ ti la ajá nínú, ìfun tú sílẹ̀. Ajá ò tiẹ̀ ráyè gbó. Bàbá yin ṣakabùlà ọwọ́ rẹ̀, gbòlà! Ọta bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àmọ́ ìdí ìbọn ta Bàbá nípàá léjìká ọ̀tún bí ẹṣin, egungun ró káú bí igi gbígbẹ, Bàbá sì nà gbalaja. Ariwo ìbọn yẹn ló lé ìmàdò padà. Ká ní kò dún ni, ìtàn wa ì bá ti parí síbí, ká dìde, kálukú kó lọ sùn.

Ẹ jẹ́ n fi Abẹ́rẹ́ hàn yín dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń lọ sílé ìwé girama, ó tín-ín-rín bí orúkọ tí wọ́n fi ń bú u, ẹnu rẹ̀ sì mú jù ú lọ. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ oko àwọn ará àdúgbò, ẹran tó bá pa ni ilé ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń tà ra aṣọ ilé ìwé. Ọwọ́ Bàbá ni ìkòkò ìyá rẹ̀ gbójú lé. Nígbà tí dókítà wá di èjìká yẹn tán, tó ní, "Bàbá, bí ìbọn bá tún fi lè gbá ibí yìí, apá yìí ò ní gbé ṣíbí mọ́," ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí.

Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ti ń ro ọ̀nà mìíràn.

"Bàbá, bí ìbọn ṣe ń ti ọta jáde níwájú, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ti èjìká lẹ́yìn. Ọta yín ti wúwo jù. Bí a bá dín in kù ńkọ́, ká dín ẹ̀tù náà kù?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Tíṣà wa."

"Tíṣà yín pa ìmàdò rí?"

"Kò pa eṣinṣin rí, Bàbá. Àmọ́ èjìká rẹ̀ ṣì pé."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, èjìká ò jẹ́.

Bí èjìká ṣe ń san díẹ̀díẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ń yọ́ òjé lẹ́yìn ilé, ó ń rọ ọta kéékèèké. Ó gbé pákó ti òkìtì yanrìn, ó di ìbọn mú, ó yìn ín. Gbó! Ọta la pákó já sẹ́yìn, ihò náà gba ìka.

"Kò tà mí!" Ó ń fò sókè. "Bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá forí gbá èèyàn láyà ni!"

Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ta ló bí ọ gan-an?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni. Ẹ lọ bi Màámi."

Ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ ọ ní nǹkan méjì tí kò gbọ́dọ̀ ṣeré pẹ̀lú. Ẹni tó bá yin ìbọn lónìí gbọ́dọ̀ fọ inú rẹ̀ lónìí. Èkejì ni ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ki ìbọn. Bàbá ti gé àmì kan sí i lára. Bí ẹ̀tù àti ọta bá wọlé tán, àmì yẹn gbọ́dọ̀ bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bó bá ga ju ẹnu ìbọn lọ, nǹkan mìíràn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì yìn ín, ìbọn á bú.

"Ojú kì í rí inú ìbọn," Bàbá wí. "Ọ̀pá yìí lojú ẹ. Bó bá bá ọ sọ̀rọ̀, gbọ́."

Ọ̀rọ̀ dé ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá lọ tú báńdéèjì, ni Ààrá bá gbé ìbọn tirẹ̀ kọ́ èjìká, ó kó àwọn ọmọ kíláàsì wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá ni Ààrá, ó fi ọdún méjì ju Abẹ́rẹ́ lọ, ariwo ìbọn rẹ̀ ló fún un lórúkọ.

"Abẹ́rẹ́, wọ́n ní òwú lo ń yìn báyìí. Ṣé o fẹ́ bá ìmàdò họ ẹ̀yìn ni?"

"Tìẹ tó wúwo ńkọ́? Ìdí ẹ nìkan ló ń pa."

Ẹ̀rín bú. Ààrá ní ó yá, kí àwọn jọ yìn ín pọ̀, kálukú sí pákó tirẹ̀ tí ọta kò tíì kàn rí. Abẹ́rẹ́ sáré ki ìbọn, ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn, ó da ẹ̀tù síbi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Ení, èjì, ẹ̀ta! Gbòlàà! Èéfín bo gbogbo wọn. Nígbà tó ká, Ààrá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Abẹ́rẹ́ dúró gbọn-in.

"Kò tà mí rárá!"

Àwọn ọmọ bá dá orin fún un, àtẹ́wọ́ ń ró wọ́n wọ́n:

Ọta fúyẹ́, ọta fúyẹ́,
Èjìká ò mọ̀, ẹran ló mọ̀!
Ààrá sán, Ààrá sán,
Ìdí ló fi gbálẹ̀, ẹ wá wo!

Orin dùn, àbí kò dùn? Abẹ́rẹ́ ti ń jó lọ sídìí pákó. Ó wò ó, ijó tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò síhò. Ihò ìṣó kan ṣoṣo ló wà lókè, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ó rò pé òun tàsé ni. Ó bojú wẹ̀yìn, gbogbo wọn ń wò ó, Ààrá ń dìde bọ̀. Ojú kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó fi ìka bo ihò ìṣó yẹn, ó kígbe:

"Ó rèé! Ó ti gbà á kọjá!"

Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń gbé e kiri àdúgbò. Nígbà tó padà dé, ara ìbọn ló fi òróró nù, ó ń dán. Kò fọ inú rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ dáadáa kí ìyá rẹ̀ tó ké láti oko. Ìmàdò ti padà wá. Ó ti fi ehín ya ẹsẹ̀ olóko kan títí dé egungun, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀.

"Gbé ìbọn, Abẹ́rẹ́!" Bàbá wí. "Ọta tuntun rẹ ni kó o kì sí i."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo ló ti da ẹ̀tù, ó fi ọta sí i, ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ọ̀pá dúró. Àmì fi ìbú ọwọ́ kan ga ju ẹnu ìbọn lọ. Àṣé kò tàsé lánàá! Ẹ̀tù díẹ̀ tó wà lójú ìbọn níta nìkan ló gbaná, ẹ̀tù inú kò gbaná. Ìbọn Ààrá ló dún tí gbogbo wọn gbọ́. Abájọ tí kò fi tà á rárá! Ẹrù àná ṣì wà ńbẹ̀, ó sì ti ki tòní lé e.

Ọkàn kan ní, sọ ọ́. Ọkàn kejì ní, bó o bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ihò ìṣó á jáde, Ààrá á fi ọ́ kọrin dọjọ́ alẹ́. Bóyá ẹ̀gbin èéfín lásán ló dí i.

"Ó dé àmì?" Bàbá bèèrè.

"Ó dé, Bàbá."

Bàbá gbà á. Ó gbé ìdí ìbọn sí èjìká òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé abẹ́ ìbọn. Àgbàdo ya sọ́tùn-ún sósì. Ìmàdò tẹ orí ba, ó ń sáré bọ̀.

"Bàbá, ẹ má yìn ín! Irọ́ ni mo pa!"

Bàbá yí ojú sí ohùn rẹ̀. Yíyí yẹn ló gba ojú rẹ̀ là. Ìka ti fa ìbọn ná.

Ìbọn náà là bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irin fò, ẹ̀jẹ̀ fò, ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún Bàbá bọ́ sáàárín ewé àgbàdo. Ìmàdò kò dúró kí wọ́n kígbe tán. Ó gbá Bàbá mọ́lẹ̀, ó ń wá ikùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fa àdá yọ, ó gé e nímú. Ìmàdò yí padà, ó ya á nítan, yàà! Ó tún gé e, lọ́rùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ń tú sí i lẹ́nu. Ìmàdò wó lulẹ̀, ó kú. Abẹ́rẹ́ sì ń gé e lọ. Ààrá tó sáré dé ló gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá gbé Bàbá pọ̀n.

Lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Bàbá ní ọsibítù, pẹ̀lú itan rírán, Abẹ́rẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀ àti lójú Ààrá, látorí ihò ìṣó dórí "ó dé, Bàbá".

"Ihò ìṣó?" ni Ààrá wí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò gùn ju sísín lọ. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ Bàbá, tó sì dorí kodò. Gbogbo ẹ̀sín tí Abẹ́rẹ́ ń sá fún náà nìyẹn o.

Bàbá gbé ọwọ́ tí wọ́n wé náà, ó wò ó. Ó ní:

"Ọta rẹ dáa. Ìṣojú mi lo ti dán an wò. Kí ìbọn má gbaná, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ó ti ṣe mí rí. Àmọ́ ìka mẹ́ta ni mo fi ra òótọ́ tó yẹ kí n gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ mi. Ó wọ́n."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí ògiri, ó ń sunkún. Bàbá kò ṣọdẹ mọ́. Aṣọ aláṣọ ni ìyá ń fọ̀ kí ìkòkò lè ró. Láràárọ̀, kí Abẹ́rẹ́ tó lọ sílé ìwé, ó máa ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá fún un. Èyí tó wà lọ́rùn nìkan ni Bàbá kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Á ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, mo ń bá a jà." Abẹ́rẹ́ á dúró, á máa wo ìka méjì tó ń yí bọ́tìnnì kan, títí ó fi wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tó bá kùnà lójú èrò, ẹ sọ pé ó kùnà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín yín. Ẹ̀rín ò gé ìka rí. Irọ́ tí ẹ kì sínú, tí ẹ tún ki òmíràn lé lórí, ọjọ́ tó bá gbaná, kì í wo ẹni tó ki irọ́ náà kó tó bú.