Màlúù Keje ní Oto

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú Saidat, Saidat kì í sì í purọ́. Dókítà ẹran ni. Yaba ló ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n Oto ni wọ́n bí i sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Gbádé tó ń ta màlúù ní Oto pè é. Eégbọn ti bo àwọn màlúù rẹ̀. Saidat mọ ohun tí eégbọn lè ṣe. Tó bá ti bu màlúù jẹ, ó lè ti kòkòrò tín-tìn-tín bọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́. Ìtọ̀ á pọ́n bíi sobo. Bí abẹ́rẹ́ bá pẹ́, ó parí.

Ọgbà Gbádé kò jìnnà sí ilé tí wọ́n ti tọ́ Saidat. Bí òórùn ìgbẹ́ màlúù àti koríko gbígbẹ ṣe kàn án nímú, ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ padà. Bàbá rẹ̀, Àkàngbé, á jókòó sórí àpótí, á máa já eégbọn sínú agolo kẹrosíìnì. Òun á máa fi èèpo máńgòrò bọ́ Lékeléke, màlúù funfun kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tí wọ́n gé etí òsì rẹ̀ lójú méjì kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ibà eégbọn ló pa Lékeléke. Bàbá sáré lọ wá oògùn dé Agége, kó tó dé, ẹran ti kú. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sunkún lẹ́yìn ilé. Kò sin màlúù mọ́ títí ó fi jáde láyé.

"Mẹ́fà ni wọ́n, Dókítà," Gbádé wí. "Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ jẹ́ n lọ kírun Alásàárì."

Saidat yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara akọ pupa kan ló gbóná. Oògùn abẹ́rẹ́ tó tó ẹran kan ṣoṣo ló sì kù nínú báàgì.

Nígbà náà ni ariwo ọkọ̀ láti oríta Costain dákẹ́. Kò lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dákẹ́ ni. Eṣinṣin pàápàá kò kùn mọ́.

Màlúù keje wà lẹ́yìn.

Funfun ni. Ó dùbúlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Etí òsì rẹ̀ ní ojú gígé méjì. Saidat ṣí ètè rẹ̀, èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pọ́n.

"Lékeléke?"

Ó gbórí sókè. Ó ti imú rẹ̀ tó gbóná bọ Saidat lọ́rùn, bó ti máa ń ṣe nígbà náà.

Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n ó mú abẹ́rẹ́. Ó fa oògùn náà tán, ó gún un. Ó gbé orí rẹ̀ lé itan títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀.

"Dókítà, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Gbádé ti dé ẹnu ọ̀nà. Ariwo ọkọ̀ ti padà. Saidat bojú wẹ̀yìn: ilẹ̀ lásán.

"Funfun yẹn dà?"

"Funfun wo? Mi ò ra funfun kankan."

Wọ́n kà wọ́n. Mẹ́fà. Ìgò oògùn sì ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Gbádé sáré lọ ra òmíràn wá fún akọ pupa náà.

Ó pe ìyá rẹ̀, Jemilat, ní Mushin.

"Màmá, ẹ rántí ọjọ́ tí Lékeléke kú?"

"Kú kẹ̀? Ó bímọ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn ibà yẹn. Ìgbà tí a kó kúrò ní Oto la tà á."

"Ta ló gún un lábẹ́rẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó gún un. Bàbá ẹ ti Agége dé, ó bá a lórí ìdúró. Ó jó lọ́jọ́ yẹn, Saidat! Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Saidat wá ijó náà nínú orí rẹ̀. Kò rí i; ẹkún ẹ̀yìn ilé nìkan ló rí.

"Báwo ló ṣe jó o, Màmá?"

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín. Saidat jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn màlúù, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn bàbá ẹlòmíràn fún.