Ẹgbẹ́ Gba Àlàyé Rẹ̀

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, mo ń yọjú wo Bàbá Kọ́mà. Ó jókòó sídìí tábìlì ìyá mi ní ọ́fíìsì wọn, ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò sí sílẹ̀, ó sì mú pẹ́ńsù dání. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tẹrí ba, ó kọ nǹkan.

Agbẹjọ́rò àgbà ni. Àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ló sọ ọ́ ní Bàbá Kọ́mà, torí pé kò sí ìwé tí ẹ máa gbé fún un tí kò ní rí kọ́mà tó ṣáko níbẹ̀. Ẹ má bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní “ó”. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ọ̀wọ̀ kankan fún un nínú mi. Ẹni tó ń fi eyín rẹ́rìn-ín tí ojú rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín, èmi máa ń ṣọ́ irú wọn ni. Ìyá mi ní ìfura mi ti pọ̀ jù. Mo ní ìfura loògùn àgbà. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wo ló di àgbà.

Ṣùgbọ́n ìdí wà tí ara fi fu mí. Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, tí a jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, agbẹjọ́rò làwọn náà. Oníbàárà kan fẹjọ́ Àǹtí sun Ẹgbẹ́ pé wọ́n buwọ́ lu ìwé ìbúra fún ẹni tí kò sí níwájú wọn. Àǹtí kọ ìwé àlàyé pé ẹni náà wà níwájú àwọn dáadáa, ọjọ́ tó wà lórí ìwé ni àwọn ṣì kọ. Bí Ẹgbẹ́ ò bá gbà wọ́n gbọ́, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ọdún méje kàwé fún. Oorun ò kun Àǹtí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo gbọ́ tí Bàbá Kọ́mà ń sọ lórí fóònù lẹ́bàá àtẹ̀gùn pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ò gbọdọ̀ parí síbẹ̀, kí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ rí i pé òun wá ní Sátidé. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin lẹ bá gbọ́ irú ìyẹn, kí lẹ máa rò?

Bó ṣe jáde báyìí, mo lọ ṣí ìwé náà. Níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Àǹtí sí ní ìpàdé tó kọjá, “Ẹgbẹ́ gba àlàyé rẹ̀” ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá Kọ́mà ti fi pẹ́ńsù ki ọ̀rọ̀ kan bọ àárín. Ó wá di “Ẹgbẹ́ gba ìwé àlàyé rẹ̀.” Ẹ wo ọgbọ́n àyínìke! Ẹni tó gba àlàyé ẹni ti gbà pé òótọ́ lẹni ń sọ. Ẹni tó gba ìwé, ọwọ́ lásán ló fi gbà á. Mo ní ká má rí i, ẹnìkan ò ní fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ba ayé Àǹtí mi jẹ́.

Ìyá mi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́, èmi ni mo sì máa ń bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ ìpàdé sórí kọ̀ǹpútà, torí ìka méjì péré ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Mo fi rọ́bà pa ọ̀rọ̀ Bàbá Kọ́mà rẹ́. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: “Ẹgbẹ́ gba àlàyé rẹ̀ tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ sì parí.” Mo tẹ ogójì ẹ̀dà jáde.

Ní Sátidé, ọjọ́ ìpàdé, èmi náà ni mo pín in fún wọn nínú gbọ̀ngàn. Gbogbo àga kún. Alága béèrè bóyá ohun tó wà nínú ìwé bá ohun tí wọ́n sọ mu. Agbẹjọ́rò oníbàárà tó fẹ̀sùn kan Àǹtí dìde wẹ́rẹ́.

“Ìgbà wo la parí ọ̀rọ̀ yìí? Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe àbúrò yín lọ̀rọ̀ kàn?”

Ojú ìyá mi yí padà. Wọ́n ní àwọn jáde nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, bí òfin Ẹgbẹ́ ṣe ní kí ẹbí ṣe, pé Bàbá Kọ́mà ló bá àwọn di kálàmù mú. Wọ́n ní nítorí ti àbúrò àwọn ni, àwọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ojú àwọn kan ojú ewé yẹn kí wọ́n tó pín in. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ẹnìkan ní ta ló wá kọ ọ́, ṣé àǹjọ̀nnú ni?

Bàbá Kọ́mà dìde. Wọ́n ní ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló kù nínú ìpàdé ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Ẹgbẹ́ tó lè dájọ́. Ìwé Àǹtí nìkan ni wọ́n gbà. Àwọn fò “ìwé” nígbà tí àwọn ń kọ ọ́, àwọn sì gba àyè lọ́wọ́ akọ̀wé láti wá tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́sàn-án ló dá a láre, ẹnikẹ́ni lè fagi lé e lọ́la. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń pe gbogbo ènìyàn káàkiri pé kí wọ́n wá lónìí, kí wọ́n lè dá ọmọbìnrin náà láre bó ṣe yẹ.

Mo rí ìyá mi tí wọ́n dúró láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bí ẹni tí wọ́n ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́. Mo jáde síwájú.

“Èmi ni,” ni mo wí. “Èmi ni mo yí i padà. Ìyá mi ò mọ̀.”

Òótọ́ tí mo sọ pẹ́ kó tó dé. Alága ní ìwé tí ọwọ́ ẹbí ti dé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, Ẹgbẹ́ ò lè dá ẹjọ́ náà mọ́. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àgbà ní olú-ìlú, wọ́n sì ní kí Àǹtí má ṣiṣẹ́ títí ìyẹn yóò fi jókòó. Ìyá mi fi ipò akọ̀wé sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bàbá Kọ́mà ò bú mi. Ó wù mí kí wọ́n bú mi.

Nígbà tí a délé, mo bẹ Àǹtí títí ohùn mi fi há. Àǹtí ò pariwo.

“Ọmọ yìí, inú yàrá kan náà la jọ ń sùn,” ni Àǹtí wí. “Gbogbo ohun tí Bàbá Kọ́mà ń ṣe ni mo mọ̀. Ṣé o ò lè bi mí ni?”



Wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá tèmi, mo sì fi irọ́ ti ẹni tí mo fẹ́ gbà là sínú ọ̀fìn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ara bá fu yín, ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló máa ná yín. Oṣù karùn-ún rèé, ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó, Àǹtí ṣì wà nílé.