Tírélà Pupa Orí Tábìlì

Ìgò oògùn ojú kan tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ni ọkùnrin náà gbé kalẹ̀ lórí káńtà. Ó ní òun fẹ́ ọ̀dà tí yóò kún un.

Obìnrin tó ń po ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù náà wo ìgò, ó wo ọkùnrin, ó wo ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, garawa garawa làwọn èèyàn ń gbé ọ̀dà kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé àwọn èèrà lẹ fẹ́ kùn ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó tú bébà kékeré kan, ó mú ìpẹ́pẹ́ ọ̀dà pupa jáde, kò ju èékánná lọ.

"Ara tírélà mi ni mo ti ṣí i," ó ní. "Mò ń to irú rẹ̀ kékeré pọ̀ nílé, èyí tí kò gùn ju apá mi yìí lọ. Gbogbo ohun tó wà lára ti gidi ló máa wà lára rẹ̀, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ni. Àwọ̀ rẹ̀ ni mi ò rí. Ṣọ́ọ̀bù kẹrin tí mo máa dé nìyí."

Ojú Ìwọ̀n ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, torí pé ojú lásán ló fi ń wọn àwọ̀, kì í sì í ṣì í. Ó mú ìpẹ́pẹ́ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì nínú oòrùn.

"Oòrùn ti mu nínú pupa yìí," ó ní. "Ṣé bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún lẹ fẹ́ ni, àbí bó ṣe rí nísinsìnyí?"

Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ ló wọ Ojú Ìwọ̀n lára. Ẹni tó fi ìyàwó sílẹ̀ sílé ló máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ó po ọ̀dà náà, ó dà á nù, ó tún un pò, ó di ìgbà kẹfà kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ọkùnrin náà fi ìpẹ́pẹ́ náà sí i, tí kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ó wo obìnrin náà bí ẹni tí wọ́n bá wá ohun tó sọnù rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá fún àwọ̀ eérú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dúdú tí kì í dán, fún táyà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní òun ń wá àwọ̀ irin tó ti dógùn-ún.

"Ìyẹn ò ṣe é pò síbí," ni Ojú Ìwọ̀n sọ. "Àfi kí n fojú ara mi rí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kùn ún sí."

Irọ́ ni. Òun mọ̀, ọkùnrin náà mọ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fi ikọ́ bo ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bí ó ṣe di pé ó ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà nìyẹn, ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n yìí, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Òun ló gba àbúrò rẹ̀ sílé láti ọjọ́ tí irin ti yí lu orúnkún rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní kó fi ọdún kan sinmi ná, kí àwọn tó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà á tún lè tẹ bíréèkì tírélà.

Ibùsùn kan, fèrèsé kan àti tábìlì ló wà nínú yàrá awakọ̀ náà. Orí tábìlì ni tírélà wà, lórí ìwé ìròyìn àtijọ́: orí ọkọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tọ̀, táyà méjìdínlógún tí wọ́n tò bíi bọ́tìnì. Ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ni awakọ̀ fi ń mú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Yóò fi sáńdípépà ra á, yóò kán gọ́ọ̀mù sí i, yóò wá di èémí rẹ̀ mú títí yóò fi lẹ̀.

Ojú Ìwọ̀n ló ń kùn ún, awakọ̀ ló ń júwe.

"Níbí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ha níbẹ̀. Géètì ilé iṣẹ́ ìgò kan ni. Òjò ń rọ̀, mi ò rí ẹ̀yìn."

Obìnrin náà á ti búrọ́ọ̀ṣì oníirun mẹ́ta bọ ọ̀dà, á sì fa ìlà kan tó rí bí irun orí.

"Ó gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n ni?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń wò ó láràárọ̀."

Gbogbo ibi tó ha ló ní ìtàn, gbogbo ìtàn ló ní ìlú tirẹ̀, kò sì sí Ojú Ìwọ̀n nínú ìkankan wọn. Nígbà tí awakọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ojú rẹ̀ á lọ jìnnà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á dúró lórí tábìlì bí ẹni di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Obìnrin náà rí i pé òun ń jowú. Ó ya òun gan-an lẹ́nu. Àgbà obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ń jowú ọkọ̀ tí ológbò lè fi ìrù gbá ṣubú.

Ní oṣù kẹrin, awakọ̀ gbé ẹ̀mú rẹ̀ kalẹ̀.

"Jọ̀ọ́, yé pè mí ní ẹ̀yin mọ́. Ẹni tó ti kun abẹ́ ọkọ̀ mi kì í ṣe àlejò."

"Kí ni kí n wá máa pè ọ́?"

"Ohun tó bá wù ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́nà ẹ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló kù nínú ọ̀sẹ̀ mi báyìí, àwọn yòókù kàn ń kọjá ni."

Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ Ojú Ìwọ̀n. Ó rọra tì í bọ inú omi.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, ẹyinjú mi. Ó ti pẹ́. Mo rò pé o ò ní sọ ọ́ láéláé."

Ìyá Ojú Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Aránṣọ ni, opó ni pẹ̀lú. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun ti rí ẹni tó wù ú, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Awakọ̀ tírélà ni, Màámi."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Bàbá rẹ wa tírélà títí àìsàn fi mú un lọ," ni ìyá sọ. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi fetí sí ìró ọkọ̀ lójú títì. Gbogbo èyí tó bá dẹwọ́ eré ni mo máa ń dìde sí. Mi ò bí ọ fún irú ìyẹn."

"Kò wakọ̀ mọ́, Màámi. Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

"Ẹsẹ̀ a máa san, ọmọ mi. Ọjọ́ tó bá san ńkọ́?"

Ojú Ìwọ̀n kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá awakọ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà wo tírélà orí tábìlì fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Mi ò ní wakọ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ wa ń wá ẹni tí á máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀ ní géètì. Màá ṣe ìyẹn. Sọ fún Màámi pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá gbọ́, ó ní kò burú. Ayọ̀ kún inú Ojú Ìwọ̀n, ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́ títí tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.

Àmọ́ láti ọjọ́ tí awakọ̀ ti jókòó sí géètì, tírélà kékeré ò tẹ̀ síwájú mọ́. Gíláàsì iwájú, iná, àti rọ́bà ẹ̀yìn táyà ló kù. Ọjọ́ Àìkú kan kọjá, òmíràn kọjá, títí ó fi lé ní oṣù méjì. Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e, eruku gidi tí ẹnikẹ́ni ò kùn sí i. Awakọ̀ ní ó rẹ òun ni. Ó ń di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ń pè é ní olólùfẹ́, àmọ́ bí obìnrin náà bá bi í ní ìbéèrè, ìdáhùn á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òdìkejì odò. Ejìká wọn kan ara wọn lórí àga, síbẹ̀ àárò rẹ̀ ń sọ Ojú Ìwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n ló là á yé e, nínú ilé ìdáná.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí dókítà ti ní ẹsẹ̀ ẹ̀ san. Ilé iṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì pé kó wá gba tírélà ẹ̀, ó kọ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Tó bá fẹ́ bá mi jà, kó dìde."

Ojú Ìwọ̀n kò padà sínú yàrá. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó jókòó sáàárín àwọn aṣọ tí wọ́n ti gé, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ká òwú, ó ń tú u, ó ń tún un ká.

"Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí," ló wí níkẹyìn. "Ọdún kan wà tí bàbá rẹ kò wakọ̀. O ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Èmi ni mo sunkún títí ó fi jókòó sílé. Ó ń jẹun, ó ń dáhùn, ó ń gbé ọ ṣeré. Ṣùgbọ́n ọdún tó jókòó tì mí yẹn gan-an ni àárò rẹ̀ sọ mí jù lọ. Nígbà tó bá wà lọ́nà, ó kéré tán mo mọ̀ pé èmi ló ń rò. Èmi náà ni mo padà ní kó máa lọ. Ìrora lọ́tùn-ún, ìrora lósì, ọmọ mi. Mo kàn rò pé mo lè bá ọ wá ọ̀nà kẹta ni."

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ ń mu tíì nígbà tí Ojú Ìwọ̀n wọlé.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ ti san."

Ó gbé ife kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pa ẹnu mọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, wàá ní kí n yàn. Mo sì ti yàn. Ìwọ ni mo yàn."

"Ìwọ lo yàn, èmi ni mò ń bá èyí tó ṣẹ́kù jókòó." Omi ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. "Ìdajì rẹ ni mò ń rí lọ́jọ́ Àìkú. Odindi ni mo fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù."

"Àárò mi á máa sọ ọ́."

"Á máa sọ mí. Èyí tó ń sọ mí báyìí, tí o wà níwájú mi, ló burú jù."

Awakọ̀ dìde wá jókòó tì í. Ó fi orí lé e léjìká, ejìká obìnrin náà sì tutù fún omijé. Nígbà tó ṣe, ó fẹ́ eruku kúrò lára tírélà, ó wá gọ́ọ̀mù rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi gíláàsì iwájú sí i.

Ìyá ló rán aṣọ ìgbéyàwó, funfun, láìsí ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní kóòtù. Ẹ̀gbọ́n ló sunkún ju gbogbo wọn lọ, ó ní táì àbúrò òun ló wọ́, pé òun ò sunkún.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kejì, Ojú Ìwọ̀n sin ọkọ rẹ̀ dé ọgbà ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ bá wọn lọ, kò sọ ìdí. Awakọ̀ ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kó gun orí tírélà náà. Obìnrin yìí ti kun gbogbo ara tírélà kékeré, kò jókòó nínú ti gidi rí. Ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, àmọ́ kò mọ̀ pé ó ga tó báyìí, pé ìjókòó á máa gbọ̀n lábẹ́ òun, pé òórùn ara ọkọ òun ti mu sínú fóòmù rẹ̀.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo ti gbọ́. Wakọ̀ jẹ́jẹ́, ìfẹ́ mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Tírélà náà yọ lẹ́nu géètì, ó fara balẹ̀ yí kọ́nà, ó gba títì lọ. Ìyá àti ọmọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí wọn ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

"Màámi, ṣé àárò yìí máa ń dín kù?"

"Rárá. Kì í dín kù," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ ẹni bá wá padà dé..."

Kò parí rẹ̀. Ẹ̀rín kan bọ́ sí i lójú tí ọmọ rẹ̀ kò rí rí, ẹ̀rín ọmọge. Ojú tì í díẹ̀, ló bá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì forí lé ilé.