Ẹ̀rọ Téèpù Kan Ṣoṣo

"Joanna, má fọwọ́ kan ẹ̀rọ téèpù yẹn o! Mi ò tíì ṣe tán."

Irọ́ ni Ṣèyífúnmi pa. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú ti parí iṣẹ́ láti àárọ̀.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti ń kọ́ṣẹ́ nínú ọlidé. Ṣèyífúnmi ló kọ́kọ́ dé. Òun ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀, kọ́ bí wọ́n ṣe ń da àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ńlá àtijọ́ sórí téèpù, kó má baà sọnù. Ó máa ń nu ẹ̀rọ téèpù náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Nígbà tí wọ́n ra àwọn sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà ìtọ́júpamọ́ tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n kòkó àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú wọn, Joanna ni ọ̀gá fi sídìí wọn. Kò sí ẹ̀rọ téèpù mìíràn.

"Ẹ ó jọ máa lò ó ni," ọ̀gá sọ. "Kò lè gbọ́ ti méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí tìrẹ bá parí, tú u sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní."

Ṣèyífúnmi gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń jowú Joanna. Ọmọ alágbàṣe inú oko, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ìdànrè! Kò tíì pẹ́ tó dé, ọ̀gá ti ń pè é ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ta ló pe òun bẹ́ẹ̀ rí?

"Ṣèyí, jọ̀ọ́ nà," Joanna bẹ̀ ẹ́. "Kòkó tí wọ́n wọ̀n lọ́sẹ̀ yìí ò tíì sí lórí téèpù kankan."

"Ṣebí ìwọ ni Ìyá Kọ̀ǹpútà? Lọ bí téèpù tìẹ."

Joanna rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó dúró títí àkókò ìsìn fi tó ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, ó sì lọ. Kò pẹ́ ni òjò dé. Àrá sán lórí àpáta, iná ọba ṣẹ́jú, èéfín sì rú jáde nínú àwọn sáfà, gbogbo àkọsílẹ̀ inú wọn sì ṣègbé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn àgbẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ ti kó kòkó lọ; kò sí ẹni tó lè sọ bí ti ẹnikẹ́ni ṣe wúwo tó. Bàbá Joanna wà láàárín wọn. Oko olóko ló ń ṣe, tí wọ́n sì jọ ń pín ohun tó bá so. Olóko náà ti ń pariwo pé kòkó tí bàbá náà kó wá kò tó nǹkan.

"Joanna, kí ló dé tí o ò dà á sórí téèpù?" ọ̀gá bi í.

"Kọ̀ǹpútà ńlá ṣì ń lò ó, sà."

Ọ̀gá tan kọ̀ǹpútà ńlá. Àrá kò bà á jẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà náà fi hàn gbangba pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí láàárọ̀ àná, pé wọn kò sì tú ẹ̀rọ téèpù sílẹ̀.

Joanna yíjú sí Ṣèyífúnmi. "Ṣèyí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"



Ọ̀gá kò lé Ṣèyífúnmi. Ó ní kó máa lọ láti oko dé oko, kó bẹ olóko àti alágbàṣe kí wọ́n fẹnu kò lórí ìwọ̀n tuntun. Ọ̀dọ̀ Bàbá Joanna ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí.

"Dìde, ọmọ mi, mo ti foríjì ọ́," ni bàbá náà wí. "Àmọ́ olóko ti mú nínú ìpín mi. Kí ni mo fẹ́ fi bá a jiyàn?"

Joanna ni Ṣèyífúnmi sọ òkò owú sí. Àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ téèpù ló bà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe di ohun àjọlò mú nítorí owú. Ìdáríjì lè tètè dé, ṣùgbọ́n kì í dá ohun tó ti sọnù padà.