Jíìgì Tí A Kì Í Dúró Lórí Rẹ̀

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, àlá kọ́ sì ni. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́.

Ní abúlé wa ní Clare, jíìgì kan wà, orin ijó kan, tí a kì í dúró lórí rẹ̀. Bó bá ti ń lọ sópin, kíá la ó ti yí gòjé olókùn mẹ́rin wa sínú orin mìíràn. Attracta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà, ló mú un wálé nígbà tó wà lọ́mọge. Ó lọ da màálù, ó sì gbọ́ orin náà lábẹ́ òkìtì àwọn iwin tí à ń pè ní Ẹni Rere. Ó ń súfèé rẹ̀ bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ kejì, ó padà lọ gbọ́ ìparí rẹ̀. Àwọn màálù nìkan ló dé.

Malachy, bàbá mi àgbà, ń retí rẹ̀ títí ó fi hu ewú. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, atẹ́gùn sì máa ń gba ibẹ̀ jáde bó bá ń súfèé. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ta jíìgì náà fún un ní ilé ìdáná.

"Dympna, má yí i. Dúró níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má dúró o."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà, kí n tó kú."

"Bó bá wá dáhùn ńkọ́?"

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. Àbí etí ẹ ti di?"

Mo dúró. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ajá wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tó yá, ìfé kan dún láti pápá, ìfé ọmọdébìnrin. Ó gba orin náà níbi tí mo fi í sílẹ̀ sí, ó ń bá a lọ. Ẹ̀rù bà mí.

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mà pẹ́ o!"

Ó dé fìlà, ó ṣílẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ.

"Mu tíì ẹ, ó ń tutù," ló fi dá mi lóhùn.

Tíì tirẹ̀ ṣì ń rú èéfín nígbà tí mo sáré jáde sínú òjò. Kò sẹ́nì kan ní pápá. Gbogbo màálù kọjú sí òkìtì. Fìlà rẹ̀ la rí lórí igi ẹlẹ́gùn-ún, ó gbẹ táútáú.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ta jíìgì náà, mo sì dúró.

Ìfé méjì ló dáhùn. Atẹ́gùn wà nínú ọ̀kan. Wọ́n bá a lọ díẹ̀, wọ́n dákẹ́, bí ẹni ń retí ẹnì kẹta.

Mo ti wọ kóòtù mi tán kí n tó mọ̀.